Ta ló ni ẹgbẹ́ wa: alága, àwọn trustee, àbí àwa tí a ń san owó?

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn ní ẹgbẹ́ àwọn onílé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí mo wà nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà tàbí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìmọ̀ràn ni mo ń wá, kì í ṣe ẹni tí yóò bá mi bú ènìyàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ bí 60 ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ní 2012 ni a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú trustee mẹ́rin, ìyẹn àwọn tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà ní orúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti di olóògbé, ọ̀kan ti kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ọ̀kan kò lè wá sípàdé mọ́ nítorí àìlera, ẹni kẹrin sì ni màmá tó jẹ́ alága wa láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ títí di òní. Ìwé òfin wa sọ pé ọdún mẹ́ta ni sáà ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ju sáà méjì lọ. Nígbà tí a rán màmá létí èyí, èsì tí wọ́n fún wa ni pé trustee ni àwọn, pé trustee kì í ní sáà, àti pé ẹni tí ẹgbẹ́ wà ní orúkọ rẹ̀ kò lè máa du ipò nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọdé.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pa. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wá fi hàn wá bí a ṣe ń fi eré kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí púpọ̀ nínú wa ṣì gbà pé kí ọmọ jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ó máa kọ lẹ́tà sínú ìwé ni à ń pè ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé gbogboogbò tó kọjá, akápò, tó jẹ́ ìyàwó àbúrò wọn, ka ìṣirò owó láti orí ìwé pélébé kan, ó ká ìwé náà, ó sì dá a padà sínú báàgì rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀dà. A gbọ́ nínú ìṣirò náà pé ẹgbẹ́ ń san owó kan fún alága lóṣooṣù, ó sì tún ń san owó gbọ̀ngàn fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn níbi tí a ti ń ṣèpàdé.

Ṣé òótọ́ ni pé trustee kò ní sáà? Ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ máa san owó oṣù fún alága? Kí sì ni a lè ṣe tí kò ní pín ẹgbẹ́ yìí sí méjì?

Akọ̀wé Àná (Abẹ́òkúta)

Mà, ẹ kú ìfaradà. Mo ṣe akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ohun tí mo sì rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé wọ́n ti da ipò méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn trustee ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ara kan ṣoṣo tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà ní orúkọ rẹ̀, tó lè pe ẹjọ́, tí a sì lè pè lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni ó ń darí iṣẹ́ ẹgbẹ́ láti oṣù dé oṣù. Ẹnì kan lè wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ipò kan kì í bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí màmá bá tilẹ̀ jẹ́ trustee títí ayé, sáà wọn gẹ́gẹ́ bí alága ti parí ní ọjọ́ tí sáà kejì parí.

Trustee títí ayé yẹn gan-an, ẹ wò ó nínú ìwé òfin yín kí ẹ tó gbà á. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, béèrè pé kí ìwé òfin ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ sọ bí a ó ṣe yan trustee, agbára àti iṣẹ́ wọn, iye àkókò tí wọn yóò lò, àti bí a ó ṣe rọ́pò wọn. Kí ó sọ bí a ó ṣe yan ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti bí a ó ṣe yọ wọ́n. Kí ó sì sọ bí a ó ṣe máa gba owó, bí a ó ṣe máa ná an, bí a ó ṣe máa pa ìṣirò rẹ̀ mọ́ àti bí a ó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ti wà nínú ìwé kan tí ẹnì kan fi pamọ́. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tókọ́pì tí ẹgbẹ́ ń pín kiri. Ẹ san owó ní CAC kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tí agbẹjọ́rò kó lọ forúkọ sílẹ̀, ọdún mẹ́rin sì kọjá kí a tó mọ̀.

Ní ti owó, òfin náà le ju bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe rò lọ. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a ná owó ẹgbẹ́ lé lórí, a kò sì gbọdọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè. Ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní ipò tí ẹgbẹ́ ń san owó oṣù fún. A lè dá owó tó ná láti àpò ara rẹ̀ padà fún un, a lè san owó tó bójú mu fún iṣẹ́ kan pàtó tí ó ṣe fún ẹgbẹ́, a sì lè san owó tó tọ́ fún ilé tí ẹgbẹ́ háyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò rí i pé owó gbọ̀ngàn tí ẹ ń bínú sí lè dára lójú òfin bí iye rẹ̀ kò bá pọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé owó oṣooṣù tí ẹ kàn mẹ́nu bà ni ọ̀ràn gan-an?

Ẹ tún béèrè ìwé ọdọọdún tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC. Láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ni àkókò rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́ rí láti 2012, gbèsè ìtanràn wà lọ́rùn trustee kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lọ́rùn màmá nìkan.

Òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tó korò: ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n ní kí a dá àwọn trustee dúró, bí ẹ̀rí ìwà àìtọ́ tàbí ìṣowó-kúmọkùmọ bá wà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan, méjìlá péré ti tó láàárín yín. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ìwé pélébé tó wọ báàgì kì í ṣe ẹ̀rí olè jíjà.

Bàbá Onílé-ẹ̀kọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì ka ti ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ru ẹrù ẹgbẹ́ láti 2012 kò yẹ ní ẹni tí lẹ́tà agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ bá nílé. Ẹ rán àgbà méjì tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún lọ bá wọn lálẹ́, kí wọ́n má lọ ní ọwọ́ òfo. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ fi wọ́n jẹ Ìyá Ẹgbẹ́, kí àga wọn máa wà níwájú ní gbogbo ìpàdé, kí ọ̀dọ́ wá máa ṣe wàhálà alága. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń di ipò mú, ìbẹ̀rù pé a ó gbàgbé wọn ni wọ́n ń bá jà.

Akọ̀wé Àná (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, ẹ kàn jẹ́ kí n fi kún un pé Ìyá Ẹgbẹ́ kì í fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Àwa fi oyè náà dá ẹnì kan lọ́lá, a kò sì yí orúkọ tó wà ní báǹkì padà. Òun náà ló ṣì ń ná owó fún ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Àǹtí Kíláàsì Kékeré (Òṣogbo)

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, bí n kò tilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Olùkọ́ ni mí. Àwa ni àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ láti òkè jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín onílé-ẹ̀kọ́ àti onílé-ẹ̀kọ́. Ní ẹgbẹ́ tí ọ̀gá wa wà, wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù wa, wọ́n sì ń kọ orúkọ wa mọ́ iye ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé sí ìjọba, kí ó lè dà bí ẹni pé a pọ̀. Ní ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò, wọ́n ní kí á wá. Inú wa dùn, a wọ aṣọ tó dára. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ní kí á bá wọn bu ìrẹsì, kí á sì máa bójú tó àwọn ọmọ tí àwọn ìyá kan gbé wá. Nígbà tí ìdìbò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni a wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ẹgbẹ́ onílé-ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ti olùkọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gba owó wa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: iye ọmọ tí Àǹtí kan lè mójú tó kí ewu má wọlé, wákàtí tí ọmọ ọmú ń lò nínú kíláàsì, ta ló ń rí i lójoojúmọ́? Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní 2013 ti fi ọdún kan ti ọmọ ọdún márùn-ún kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tó fi di ọdún 10. Nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ bá lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń sọ, nítorí pé òun ni ó ń dun àwọn tó wà nínú yàrá. Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi, bí ẹ bá fẹ́ tún ìwé òfin yín ṣe, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáà alága, ẹ kọ́kọ́ ka ẹni tó ní ìbò.

Ọmọ Ìbàdàn (Maryland)

Àǹtí ti fọwọ́ kan ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹgbẹ́ tí a sì ń tọ́ka sí jù lọ ni NAEYC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní Amẹ́ríkà. Ní 1926 ni Patty Smith Hill, olùkọ́ ọmọ kéékèèké kan, pe àwọn ènìyàn jọ láti wo bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké tó ń pọ̀ sí i ṣe lè wà létòlétò. Nígbà tí àpéjọ náà wá di ẹgbẹ́ gidi, Lois Meek ni ó di ààrẹ rẹ̀, kì í ṣe Hill. Dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò di oyè títí ayé. Ní 1964 ni wọ́n fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Olùkọ́ wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, òun ni ó ń gba owó oṣù, ìgbìmọ̀ sì lè dá a dúró. Ẹni tó ń gba owó ń jíhìn fún ẹni tí kì í gba owó.

Ẹ má rò pé mo ní kí ẹ lọ di NAEYC. Ẹgbẹ́ ńlá ni, ó ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ 60 ní Ìbàdàn kò sì nílò ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n ní 1989 wọ́n kọ ìlànà ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ojúṣe sí ọmọ ni ó sì ṣáájú nínú rẹ̀, kí ó tó kan òbí, alábàáṣiṣẹ́ àti àwùjọ. Mo máa ń ronú pé bí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìjà lórí àga yóò dínkù díẹ̀. Tàbí kí ó má dínkù, n kò lè búra.

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, nítorí pé èmi náà ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù àwọn olùkọ́ mi, n kò sì béèrè rí pé kí ni wọ́n ń rí gbà nídìí rẹ̀. Mo ti dá a dúró láti oṣù yìí títí tí a ó fi rí ojútùú.

Bàbá, a ti rán àgbà méjì lọ. Màmá gbà wọ́n dáadáa, wọ́n ní àwọn yóò rò ó wò, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ báǹkì rárá. Nígbà tí ẹ̀dà ìwé òfin dé láti CAC, a rí i pé ọdún mẹ́wàá ni sáà trustee, kì í ṣe títí ayé, ó sì ti parí láti 2022. A tún rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ lè fọwọ́ sí ìwé láti pe ìpàdé pàjáwìrì, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọjọ́ 21. Ènìyàn 23 ti fọwọ́ sí i. Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé a lè fi WhatsApp ẹgbẹ́ kéde ìpàdé náà, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé nìkan ni alámòójútó rẹ̀, ó sì lè pa ìkéde náà rẹ́?

Akọ̀wé Àná (Abẹ́òkúta)

Ẹ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí ẹni tó bá gbà á yóò fọwọ́ sí, kí ó sì kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ sì ka ọjọ́ 21 náà láti ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ sí ètò ìpàdé: trustee tuntun, àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì, àti ìbò fún àwọn olùkọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ètò, ẹ má ṣe dìbò lé e lórí lọ́jọ́ náà, bí ariwo ti wù kí ó pọ̀ tó.