Ìkọlù, ìdàpọ̀ tàbí ìgbémì: kí ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ aràrá ń ṣe gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta yìí ló wà nílẹ̀ tí a lè fi pe bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ aràrá (dwarf galaxy, ìyẹn galaxy tó kéré) ṣe ń sọ èyí tó kéré sí i di ara rẹ̀. Ìgbémì ni mo fara mọ́, àmọ́ ó kù síbì kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ìkọlù kúrò. Bí a bá fún oòrùn pọ̀ títí tó fi ku sẹ̀ǹtímítà kan, ìràwọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ yóò ṣì jìnnà sí i tó kìlómítà 290. Ìṣùpọ̀ méjì lè gba inú ara wọn kọjá kí ìràwọ̀ má fara kan ìràwọ̀. Gáàsì nìkan ni ìkọlù bá mu: òun ló ń forí gbárí, tó ń fún pọ̀, tí ìràwọ̀ tuntun sì ń tibẹ̀ jáde.

Ìdàpọ̀ ńkọ́? Omi méjì tó dà pọ̀, ta ló tún mọ èwo ni èwo? Ọ̀rọ̀ tó yẹ ìṣùpọ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà nìyẹn. Bí ìkejì kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó tóbi, tí èyí tó tóbi ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìdàpọ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ wo NGC 4449, aràrá tó jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 12.5. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ kéde pé aràrá mìíràn ń tú ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn Subaru, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 8.2, ya á débi pé àwọn ìràwọ̀ pupa ràgàjì inú rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ nìkan la wọ̀n, kò ju ìdá kan nínú 50 ti NGC 4449 lọ. Tí a bá ka èròjà tí kò tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè di ìdá kan nínú 10, kódà nínú 5. Ẹni tó bá ń kọ ìtumọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n tó ń lò.

Ibi tí ìgbémì kù sí rèé. Ejò tó gbé eku mì kì í ṣẹ́ ìrù rẹ̀ kù síta. Aràrá yìí kò wọlé lódindi: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìṣùpọ̀ ńlá ni ìfàmọ́ra ń fà jù, ló bá ń ya. Àwọn ìràwọ̀ tó bọ́ sínú ń sáré ṣíwájú, àwọn tó bọ́ síta ń falẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá nà gbọọrọ. Àwọn kan ní ká pe èyí ní ìrù, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ onírù (comet) ti jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìṣàn, ẹ fi sílẹ̀ fún gáàsì, irú èyí tó ń tọ Ìkùukùu Magellan méjèèjì, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré méjì tó wà nítòsí tiwa, lẹ́yìn. Ọ̀já ìràwọ̀ ni tèmi: ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń yí ara ká.

Nítorí náà, fífàya ni ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀já ló ń tẹ̀ lé e, ìgbémì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ní ká fi kékeré rọ́pò aràrá, kó kọ “ìṣùpọ̀ kékeré gbé ìṣùpọ̀ kékeré mì,” kó wá sọ fún wa èwo ló ṣẹ́ kù.