Kí ni ká kọ sínú ètò omíyalé ìjọba ìbílẹ̀ fún àdúgbò wa l'Ádó?

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa, létí odò Ajílosùn. Káńsílọ̀ wa ní ká kọ ohun tí a bá fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe sí ọ̀rọ̀ omíyalé wá, kí ó lè bọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Àwọn bàbá onílé ti fẹnu kò: kọ́fátì ńlá lójú títì. Wọ́n ní ó parí síbẹ̀.

Lójú tèmi, kò parí. Orí òkè àpáta ni omi ti ń dà bọ̀ wá bá wa, àpáta kì í sì í mumi. Òjò ńlá kan báyìí, odò ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ayálégbé ló pọ̀ jù níbẹ̀: Ẹ̀bìrà, Ìgbò, Hausa tó ń ta àlùbọ́sà. Ẹ wọ yàrá télọ̀ ọmọ Ẹ̀bìrà kan, ẹ óò rí ibi tí omi dé lára ògiri, ìlà ẹrẹ̀ lórí ìlà ẹrẹ̀, èyí tó ga jù ti kọjá tábìlì tó gbé maṣíìnì rẹ̀ lé. Òun ló mú mi lọ wo gọ́tà òkè, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi kọnkéré bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò fi ojú kankan sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà kó ẹrẹ̀ jáde. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ti dí i pa. Omi ò tilẹ̀ dé kọ́fátì kó tó ya.

Àwọn ayálégbé tí omi ń ká mọ́lé lóru ni a ò pè sípàdé. Ó ń dùn mí gan-an. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí àwọn àgbà ò fi ní bínú?

Ọmọ Ìlàjẹ n'Íkẹ́rẹ́
Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ìkẹ́rẹ́, etíkun ni wọ́n bí mi sí. Ẹ wo Ayétòrò, ìlú àwa Ìlàjẹ létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ibẹ̀ lọ. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ògiri òkun fún agbaṣẹ́ṣe, òkun ṣì ń wọlé. Ní Awóyè, ìlú Ìlàjẹ mìíràn, wọ́n gbẹ́ ojú omi nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, igi kú, ẹja omi dídùn kú. Àwa Ìlàjẹ pẹ̀lú àwọn Ìjọ̀ Àpọ́ì àti Àrògbò la jọ ń gbé omi yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ wa sì yàtọ̀ síra. Bí ìkan bá dá ètò tirẹ̀ ṣe, ilé ẹlòmíì lomi máa yà sí. Ẹ pe àwọn ayálégbé yín.

Onílé Òkè
Ayálégbé lè kẹ́rù lọ lọ́la. Àwa la máa dáwó.

Bàbá Ìfẹ̀yìntì
Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà àti gọ́tà wà lára iṣẹ́ tí Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 gbé lé wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ má tọrọ kọ́fátì nìkan. Kọ owó kíkó gọ́tà sínú rẹ̀, kí wọ́n ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, máa ń kéde bí òjò ọdún ṣe máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kọ ọ́ pé ìdérí gọ́tà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí. Ọmọ mi, má dúró dìgbà ìpàdé. Lọ bá alága yín nílé, mú un lọ wo ògiri télọ̀ yẹn.

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ ṣé o, Bàbá. Màá lọ bá alága láàárọ̀ ọ̀la. Onílé Òkè, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa débẹ̀. Gọ́tà tó dí yẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù àwa onílé ló wà.