Ẹ wá sọ tiyín: ọ̀rọ̀ tó dójú tì yín níbi eré yà-á-ká-mọ̀-ọ́n

Olùtọ́jú Àkójọ, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú eré tí à ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ Sátidé. Ẹnì kan á máa yàwòrán láìsọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa tẹ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 80 péré. Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè tó bá eré náà wá, àmọ́ ààyè wà láti lẹ ọ̀rọ̀ tiwa mọ́ ọn, kọ́mà láàárín.

Àkójọ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, bí ẹni ń ṣe ìdánwò ni. Ìgbàgbọ́, àṣà, ìwà. Ìgbàgbọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya mọ́ṣáláṣí, wọ́n ya ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. A tẹ àdúrà, a tẹ wòlíì, ẹnì kan tẹ "olè tí ọlọ́pàá mú". Àsìkò tán. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o kó o síbẹ̀, wá yà á." N kò rí i yà.

Ti ọkọ ló wá burú jù. Ọkọ́ tí a fi ń roko ni mo ní lọ́kàn, mo gbàgbé àmì orí rẹ̀. Àbúrò mi ya bọ́ọ̀sì. Gbogbo wa ń tẹ mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló tẹ ọkọ. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n o, òun kàn ń pe ọkọ òun pé kó yà á dáadáa ni.

Ẹ wá sọ tiyín, kí n lè tún un tò.

Tíṣà Yorùbá
Ẹ̀wà ni tèmi. Wọ́n ya àpò, wọ́n ya hóró rẹ̀, ó hàn kedere. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kà nínú ẹ̀wà, ìlà mẹ́rin ni eré fi hàn, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ló yẹ kó wà fún lẹ́tà kan. Ni mo bá tẹ gàrí. Ẹ̀wà náà kúkú ni! Ọmọ mi tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló là mí lóye: ẹyọ kan ni "à" lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n "ẹ̀" kò ní ẹyọ tirẹ̀, ẹ ni àkọ́kọ́, àmì orí rẹ̀ ni ìkejì. Fóònù mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé è ló máa tẹ̀, kó tó fi àmì abẹ́ sí i. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ á ní o kò gbà á.

Ẹ bọ́ gbogbo àmì kúrò, kí gbogbo wa máa tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kí èyí ti jáde, èmi tí mo ń gé máàkì ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì. Tí ẹ bá sì ti bọ́ ọ, ẹ yọ igba dànù: igbá ẹ̀mu, igba náírà, ìgbà òjò, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí à ń jẹ, gbogbo wọn á di ọ̀kan. Gángan àti agbálùmọ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Ẹ dín òkèlè kù. Mo ya roboto funfun kan sínú abọ́, wọ́n tẹ iyán, fùfú, láfún, sẹ̀mó. Àmàlà ní tiẹ̀, bí mo ṣe mú àwọ̀ dúdú ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kúkú fi odó síbẹ̀, ebi ń pa wá lóru.

Ọmọ Ajílété l'Ékòó
Àgbàdo ni mo yà, gbogbo ará ilé ń tẹ yangan, yangan, yangan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, eré kò gbà. Ológbò náà nìyẹn, ẹnì kan ní ológìnní. Ohun tó bá ní ju orúkọ kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Amẹ́ríkà
Mo ya ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ọmọ mi kejì, tí a bí síbí, tẹ bẹ́ẹ̀dì. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Lọ́jọ́ kejì mo pe màámi lórí fídíò. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé fóònù dání, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n lọ ata lójú ọmọ náà, ata ta sí ojú fóònù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọlọ tún jáde, ọmọ yìí ló kàn. Kò tilẹ̀ ya òkúta kankan. Ó ya obìnrin tó kúnlẹ̀, ó wá ń fi àwọ̀ pupa tọ́ káàkiri. Màámi ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọlọ.

Àna yín láti Ọ̀yọ́
Èmi ní ẹjọ́ láti rò. Wọ́n ya orí lásán, kò lọ́rùn. Mo ṣì ń tẹ fìlà lọ́wọ́ tí gbogbo yín ti pariwo Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́! Ìyàwó mi ló ṣàlàyé fún mi pé orí tí Ògúnlọlá bẹ́ nínú ìtàn ni, pé ibẹ̀ ni ìlú yín ti gba orúkọ. Ó dáa. Kòso ni n ó kó wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Olùtọ́jú Àkójọ
Mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àti ẹbí rẹ̀ ti jáde, igba ti jáde, ológbò ti jáde. Ọlọ kò lọ síbì kan. Àna wa, mo ti fi Kòso sí i, ẹ̀yin ni ẹ máa yà á fúnra yín. Àgbàdo náà ti kúrò, yangan ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ará Èkó tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú lọ.