Orin tó ń lọ lóde fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Faransé: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 15 ni mò ń kọ́ ní Faransé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sì wà. Wọ́n lè kí èèyàn, wọ́n lè ka oókà dé ogójì, wọ́n ti mọ être (jẹ́) àti avoir (ní), wọ́n sì ti ń gbìyànjú ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -er díẹ̀díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé tí mo bá ti ní kí wọ́n ṣí ìwé, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí orin Faransé kan ṣèèṣì dún láti inú fóònù ẹnìkan nígbà ìsinmi, gbogbo wọn á ta gìrì. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń dáhùn "présent" tí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Òun gan-an ni mo gbọ́ tó ń kùn ègbè orin lábẹ́nu. Mo wá ní kí n gbé orin wọ inú ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, kí ó má kàn jẹ́ ohun tí a fi ń pa àkókò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ibi tí mo ti há nìyí. Orin wo ló rọrùn tó fún wọn? Ṣé gbogbo orin ni kí n lò ni, àbí apá kan? Rap ni àwọn fúnra wọn fẹ́, èyí tí ẹnu ń sáré bí ẹni ajá ń lé, ìdajì rẹ̀ sì ni èmi alára ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí òbí kankan wá bá mi pé ọ̀rọ̀ rírùn ni mo fi kọ́ ọmọ òun. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni kíláàsì wa.

Gbohùngbohùn

Stromae. Ẹ má wulẹ̀ rò ó jìnnà. "Papaoutai" tó gbé jáde ní 2013 ni kí ẹ mú. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni, ọ̀rọ̀ sì máa ń já geere lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè ni ègbè orin náà, ó ń béèrè ibi tí bàbá wà. "Où" (ibo) yẹn gan-an ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí orin bá ti dákẹ́, ẹ fi ìwé ẹnìkan pamọ́: "Où est ton cahier ?" Kí wọ́n máa wá nǹkan kiri, kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè: "Où est ta chaise ?" "Où est le prof ?" Àkọlé orin náà pàápàá ti tó ẹ̀kọ́ kan. "Papa, où t'es ?" ni, bó ṣe ń dún létí ló ṣe kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sí pátákó báyẹn, kí wọ́n fúnra wọn tú u sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àmọ́ o, orin náà dùn-ún jó, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo. Ọmọ Rùwáńdà ni bàbá Stromae, wọ́n sì pa á nínú ìpakúpa ọdún 1994. Tí ọmọ kan bá wà ní kíláàsì yín tí kò ní bàbá nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dojú "Où est ton papa ?" kọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé àti àga ni kí ẹ máa wá.

Ìyá Kíláàsì

Tíṣà Tuntun, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi orin kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi kò sì pọ̀: ègbè nìkan ni kí ẹ mú, èyí tí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Tí ẹ bá da gbogbo ẹsẹ orin lé wọn lórí, ọ̀rọ̀ tuntun á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ègbè ní tirẹ̀ á padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tún un gbọ́.

Ẹ má sì tètè pín ọ̀rọ̀ orin fún wọn. Ọmọ tí ìwé bá ti wà níwájú rẹ̀, ojú ló máa fi gbọ́ orin. Èmi máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí pátákó. Mẹ́rin wà nínú ègbè, méjì kò sí níbẹ̀ rárá. Orin á dún, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan á nawọ́. Ìjà á wá bẹ́ lórí méjì tí kò sí níbẹ̀, torí ẹnìkan á ṣáà búra pé òun gbọ́ ọ, wọ́n á sì ní kí n tún orin náà fi sí i. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, àwọn ló sì bẹ̀ mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó pín ègbè náà, tí mo ti gé ní ìlà kọ̀ọ̀kan sí pélébé ìwé, kí wọ́n tò ó bó ṣe ń dún.

Orin tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ dàgbà ju òbí àwọn míì lọ: "Les Champs-Élysées" ti Joe Dassin, 1969. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹnu wọn ò ní gbé e sílẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹrù tó wà nínú ègbè kékeré yẹn: oòrùn àti òjò, ọ̀sán gangan àti ọ̀gànjọ́ òru, "à", "au", "aux", "sous", àti "il y a" (ó wà) tí ìwé gírámà máa ń fi odindi orí kan ṣàlàyé.

Màá kọ "Champs-Élysées" gàdàgbà sí pátákó, màá ní kí wọ́n pa lẹ́tà tí etí wọn kò gbọ́ rẹ́. Wọ́n á pa p. Wọ́n á pa s tó tẹ̀lé e, inú wọn á máa dùn. Màá tún fi orin sí i. S ò kú o! Ó ti fò lọ bá É tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ti di z lọ́hùn-ún. Wọ́n á pariwo, wọ́n á kọ s náà padà. Tí wọ́n bá wá pàdé "les amis" tàbí "vous avez" lẹ́yìn ìyẹn, n kì í ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe mọ́.

Èyí tí àwa tó ń fi orin kọ́ni kì í sábà sọ ni pé orin Faransé máa ń tan ọmọ jẹ. Ẹ mú "Frère Jacques" tí gbogbo ayé mọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ lórin, sílébù mẹ́rin ni: Frè-re-Jac-ques. Lẹ́nu ọ̀rọ̀ lásán, méjì péré ló sábà máa ń jẹ́, frèr jak. Lẹ́tà e tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, orin á jí i dìde kí ohùn lè bá ìlù mu. Nítorí náà, ègbè yòówù tí a bá kọ, a gbọ́dọ̀ tún un sọ láìsí ohùn orin, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí àyè kò bá sí fún apá yìí, mo máa ń fi orin náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Gírámà Lágbà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí ìró. Ìyókù ni mo ní ọ̀rọ̀ lórí.

Ẹnikẹ́ni kì í kọrin ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Olórin kò sì bìkítà fún ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń kọ́ ọmọ. Á gé "tu es" kúrú di "t'es", á gbé "ne" sọnù pátápátá, á sọ pé "je sais pas" (n kò mọ̀) dípò "je ne sais pas", ó tán. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì mọ èyí tí a lè sọ lẹ́nu àti èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Mo ti máàkì ìwé ọmọ kan tí "ne" kò sí nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, orin ló sì ti kó gbogbo rẹ̀.

N kì í jẹ́ kí orin gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú ogójì. Àkókò tó kù, kí ọmọ sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "Je veux" (Mo fẹ́) tí Zaz gbé jáde ní 2010 lẹ fi kọ́ wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta tí "je veux" wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ tirẹ̀, tí Zaz kò sọ rí. Tí kò bá lè ṣe é, orin ló gbọ́, Faransé kọ́.

Àbúrò Yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Ẹ má fi dandan lé e pé ká kọrin. Ohùn àwọn ọmọkùnrin kan ń yí padà lọ́wọ́lọ́wọ́. Tó bá já mọ́ wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọn ò tún ní la ẹnu mọ́ títí ọdún á fi parí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lu tábìlì lù ú, kí ẹni tó bá fẹ́ kùn ún kùn ún.

Ìkejì, ẹ jẹ́ ká dìbò. Àwọn olùkọ́ Faransé kan máa ń ṣe ìdíje tí wọ́n ń pè ní Manie Musicale ní oṣù kẹta: orin méjì á kojú ara wọn, kíláàsì á dìbò, èyí tó bá wọlé á lọ kojú òmíràn, títí á fi ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin kàn ní kí ìdìbò jẹ́ ní Faransé: "Je préfère… parce que…" (Mo fẹ́ràn… jù, torí pé…) Ọmọ tó bá fẹ́ kí orin tirẹ̀ wọlé, á wá "parce que" náà rí dandan.

Ẹ má sì bẹ̀rù Aya Nakamura. Bamako ni wọ́n bí i sí, ẹ̀bá Paris ló ti dàgbà. Mo ti mọ "Djadja" rẹ̀ ti 2018 kí n tó mọ ọ̀rọ̀ Faransé kankan tó dán mọ́rán. Níbi ìṣíde Olympics ní Paris ní oṣù keje 2024, òun ló kọrin tí ẹgbẹ́ onífèrè ológun Garde républicaine ń bá a gbè é. Orin tó dé ibẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ èèwọ̀ ní kíláàsì.

Ìyá Kíláàsì

O ṣeun, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ yè. "Djadja" máa ń wọ kíláàsì mi, àmọ́ fún etí nìkan. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́, wọ́n á jó, a óò kọjá. N kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí pátákó. Èdè àdúgbò pọ̀ níbẹ̀, gírámà rẹ̀ sì ti kọjá ibi tí wọ́n dé.

Tíṣà Tuntun, ní ti òbí: ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ orin tán kí ẹ tó lò ó, títí kan ẹsẹ tí ẹ kò ní fi kọ́ wọn, torí tí wọ́n bá délé, odindi rẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Ní ti rap tó ń sáré, YouTube ní ibi tí ẹ ti lè dín eré rẹ̀ kù sí 0.75. Ọ̀rọ̀ á hàn, orin ò sì ní bàjẹ́. Ẹ má lọ sí 0.5, ohùn á wọ́, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín títí aago á fi lù.

Orin tuntun ò sì lè wọ́n yín. Òfin kan tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní 1994 ló mú kí àwọn rédíò wọn máa fi orin elédè Faransé ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Lóòótọ́, wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà náà. Ìkànnì TV5MONDE náà ní iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìpele A1, ìyẹn ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Gírámà Lágbà, ti "ne" yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Èmi máa ń ní kí wọ́n wá "ne" tí olórin jẹ, kí wọ́n fi báírò pupa dá a padà sáyè rẹ̀.

Tíṣà Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni. Dassin ni màá gbé wọ kíláàsì lọ́jọ́rú, pẹ̀lú s tó di z. Màá sì fi ìbò sí òpin oṣù. Ẹyọ ìbéèrè kan ló kù: àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà tó mọ gbogbo orin kó tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà orí pátákó yẹn, wọ́n á ti tú àṣírí rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Gbohùngbohùn

Àwọn ni kí ẹ ní kó mú ọ̀rọ̀ méjì tí kò sí níbẹ̀ wá. Ẹ sọ fún wọn pé kó jẹ́ èyí tó jọ ti inú orin létí, tí á ṣi ẹgbẹ́ wọn lọ́nà. Wọn ò ní tú àṣírí ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dì.