Orí màmá mi ti wálẹ̀: àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn

Ẹ kú àdúrótì. Fún ẹni tí kò ka ti àkọ́kọ́: wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún màmá mi, ẹni ọdún 78. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrànrán. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì fẹ́ já dírípù ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àfọwọ́fà. Delirium ni dókítà pè é, ìyẹn ni pé kí iyè èèyàn ṣàdédé dàrú. Ó máa ń ṣe àgbàlagbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì máa ń le lóru ju ọ̀sán lọ.

Ohun tó fà á ni pé ìtọ̀ há sí wọn nínú, wọn ò sì tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àti Piriton, oògùn ara yíyún, tí èmi fúnra mi fún wọn kí wọ́n lè rí oorun sùn! Mi ò mọ̀ pé ó lè da iyè àgbà rú. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fa ìtọ̀ náà jáde, wọ́n dín oògùn ìrora líle kù, a mú awò ojú wọn wá, a ń fún wọn lómi mu, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sùn tì wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n wo ojú mi, wọ́n pe orúkọ mi gan-an, wọ́n ní: "Ta ló ń bọ́ àwọn adìẹ mi?" Ẹkún ni mo bú sí.

Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí síbí. Ẹ ṣeun gan-an.