Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí òrùka dáyámọ́ǹdì: owó ò pọ̀, mo sì fẹ́ kó hàn lọ́wọ́ ẹ̀

Ọmọ Owé, Kàbbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ mú ìyàwó, ọmọ Ìyàrà ni, a máa lọ tọrọ ẹ̀ kí ọdún tó parí, mo sì ti pinnu pé dáyámọ́ǹdì gidi ni mo máa fi sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe torí fàájì o. Nígbà tí wọn ò san owó oṣù wa fún oṣù mẹ́rin, owó gàrí tí ọmọ yìí ń yan la fi ń jẹun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Owó tí mo ti ń tọ́jú ti pé mílíọ̀nù méjì àbọ̀, kò sí kọ́bọ̀ tó lé. Ẹni tí mo fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ábùjá fi méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Ọ̀kan róbótó, káràtì 1.00. Ìkejì oval, èyí tó rí bí ẹyin, káràtì 0.80. Ó ní kí n mú káràtì kan, pé tí wọ́n bá bi ìyàwó mi léèrè, á lè fẹnu ẹ̀ sọ pé káràtì kan ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí torí ọwọ́ ẹ̀ tóbi díẹ̀, ìka ẹ̀ ò sì gùn, mi ò fẹ́ kó wá rí bí ẹyọ iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Àna wa, kú oríire! Olúwa á jẹ́ ká jọ jẹ iyán yẹn. Ohun kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́, mìlímítà ẹ̀ ńkọ́? O kọ káràtì, o ò kọ bó ṣe fẹ̀ tó. Kó o má tíì san nǹkan kan o.

Alágbẹ̀dẹ góòlù, Lọ́kọ́ja

Ìyá Ìbejì ti bá mi sọ ọ́. Àbúrò, káràtì kì í ṣe fífẹ̀, ìwọ̀n ni, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran lé sìkéèlì. Káràtì kan jẹ́ gíráàmù 0.2, márùn-ún ló máa pé gíráàmù kan ṣoṣo. Ibi tí ìwọ̀n yẹn wà lára òkúta gan-an lọ̀rọ̀ wà. Dáyámọ́ǹdì ní ojú, ó ní bèbè, ó sì ní ìdí tó ṣe ṣóńṣó wọnú òrùka, ojú nìkan lèèyàn ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkúta ẹ̀ dé káràtì kan tipátipá, á jẹ́ kí ìdí ẹ̀ jìn, á jẹ́ kí bèbè ẹ̀ nípọn, owó ìwọ̀n yẹn lo máa san, àmọ́ inú òrùka ló sá pamọ́ sí. Mú iyán kan náà, rọ ọ́ ga sínú àwo kékeré, tún tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú àwo ńlá, iyán ò lé, iyán ò dín, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ ló máa kún ojú àlejò. Àmọ́ kó má tẹ́ jù o, torí tí kò bá jìn tó, ìmọ́lẹ̀ á gba ìdí ẹ̀ jáde dípò kó padà sójú wa, á wá rí bíi gíláàsì wíńdò. Fún róbótó, mo máa ń wá èyí tí jíjìn ẹ̀ wà láàárín 59 sí 62 nínú 100 fífẹ̀ ẹ̀. Lọ wo sátífíkéètì ẹ̀, depth ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Nǹkan míì rèé, iye owó máa ń fò sókè níbi tí nọ́ńbà bá ti pé, bíi 0.50 àti 1.00. Èyí tó jẹ́ 0.90 tí wọ́n gé dáadáa fẹ̀ tó bíi mìlímítà 6.2, káràtì kan tí wọ́n gé dáadáa fẹ̀ tó bíi 6.4, ta ló máa dá ìyẹn mọ̀ lọ́wọ́ èèyàn? Owó wọn sì jìnnà síra.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti béèrè. Róbótó fẹ̀ ní 6.2, depth ẹ̀ 67. Oval jẹ́ 7.4 sí 5.3, depth ẹ̀ 60.

Tíṣà físíìsì, Mọ̀pà

Ẹ wò ó, 67! Àbúrò, ìdí ẹ̀ ló jìn. Káràtì kan tó fẹ̀ tó 0.90 lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ.

Mo jókòó ṣírò ojú àwọn méjèèjì. Ti róbótó jẹ́ bíi mìlímítà 30.2 níbùú-lóòró (square mm), ti oval jẹ́ 30.8. Oval tí ìwọ̀n ẹ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún dín ló tún fẹ̀ díẹ̀ ju ti káràtì kan lọ, ó sì tún fi mìlímítà 1.2 gùn jù ú. Gígùn yẹn ló ń tan ojú jẹ, ojú wa máa ń tẹ̀lé gígùn kó tó wo fífẹ̀, tó bá wá dùbúlẹ̀ bí ìka ṣe nà, ìka náà á dà bíi pé ó gùn sí i. Ohun tó tún ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé tí ìwọ̀n bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ ò ní di ìlọ́po méjì. Róbótó 0.50 jẹ́ bíi 5.1, káràtì kan 6.4, kò ju ìyẹn lọ, torí òkúta ń fẹ̀, ó sì tún ń jìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Mú páálí bísíkíìtì, fi rúlà àti bírò ya róbótó 6.2, ya ẹyin 7.4 sí 5.3, fi bíléèdì gé wọn, fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìka àbúrò ẹ obìnrin tí ọwọ́ ẹ̀ jọ ti ìyàwó, kó na ọwọ́, kí ìwọ sì dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i.

Ọmọ Yàgbà l'Ábùjá

Oval ni tèmi náà, mo sì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí kó má ṣe ìwọ. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti rà á, ó ń kọ mànà, a délé, a jáde sí ìta, a rí i pé dúdú kan dábùú àárín ẹ̀ bíi táì tí wọ́n so sọ́rùn. Bow-tie ni wọ́n ń pè é. Oval, pear (èyí tó rí bí ẹ̀kán omi) àti marquise máa ń ní in, èyí tó bá fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, tèmi dúdú gan-an, ẹni tó tà á fún wa ò sì gbà á padà. Sátífíkéètì ò ní kọ ọ́ fún ọ. Máàkì gígé tí GIA, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ òkúta wò tó sì ń kọ sátífíkéètì ẹ̀, ń fún róbótó, wọn kì í fún oval. Nítorí náà, ojú ara ẹ lo máa fi wò ó, jẹ́ kó gba fídíò ẹ̀ nítòsí fèrèsé, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù.

Marquise, èyí tó ṣóńṣó lórí-nídìí bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, gùn ju gbogbo wọn lọ, káràtì kan ẹ̀ tó bíi 10 sí 5. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan gàrí, ṣóńṣó yẹn á máa gbá nǹkan, ó lè sán. Mi ò ní gbà ọ́ níyànjú ẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò ra moissanite, òkúta míì tó jọ dáyámọ́ǹdì? Owó kékeré lẹ máa fi ra èyí tó tóbi dáadáa, ẹ wá fi ìyókù ra iṣu ìdána.

Alágbẹ̀dẹ góòlù, Lọ́kọ́ja

Kò burú, òkúta tó le ni, 9.25 níbi tí dáyámọ́ǹdì ti jẹ́ 10, ó sì máa ń tan àwọ̀ òṣùmàrè ju dáyámọ́ǹdì lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ní dáyámọ́ǹdì lòun fẹ́, ẹ jẹ́ ká bá a lọ síbi tó ń lọ. Ohun tí moissanite fi kàn án ni pé irin tí wọ́n fi ń gbọ́ ooru òkúta, òmíràn máa ń pè é ní dáyámọ́ǹdì, torí náà má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn nìkan dán an wò níwájú ẹ. Nọ́ńbà tó wà lórí sátífíkéètì, yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́, tí wọ́n bá sì fín in sí bèbè òkúta, fi gíláàsì ńlá wò ó bóyá ó bá ara wọn mu.

Tó bá ti wá di ti góòlù, jẹ́ kí okùn òrùka náà tín-ín-rín díẹ̀, òkúta á tóbi lójú. Mú góòlù pupa tiwa yìí dípò funfun, kò ní jẹ́ kí ìpọ́n tó wà lára òkúta hàn, torí orí àti ìdí oval ni àwọ̀ máa ń sá sí. Irin tó di òkúta mú, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kó má nípọn jù kó má bò ó lójú. Owó tó bá ṣẹ́kù lè ra àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tò yí i ká, àmọ́ ẹni tó ń yan gàrí, àárín wọn ni gàrí máa wọ̀, mi ò ní ṣe é fún ìyàwó tèmi.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Kó o sì sọ fún un pé dáyámọ́ǹdì fẹ́ràn epo bí ọmọ ọwọ́ ṣe fẹ́ràn ọmú, epo pupa, ìpara, gbogbo ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, á wá dà bíi pé ó kéré, pé ó kú. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń rẹ tèmi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo, mo á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ họ abẹ́ ẹ̀. Tó bá fẹ́ yan gàrí, kó bọ́ ọ.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Ẹ̀yin àgbà, Olúwa á máa bá mi san án fún yín. Mo ti gé páálí náà lálẹ́ àná, àbúrò mi na ọwọ́, ìyá mi ló jókòó lórí àga lọ́hùn-ún, mi ò sọ èwo ni káràtì kan fún wọn. Oval ni màámi nawọ́ sí, wọ́n ní èyí ló kún ọwọ́. Mo ti kọ̀wé sí ẹni yẹn l'Ábùjá pé mi ò ṣe róbótó mọ́, pé kó gba fídíò oval nítòsí fèrèsé, kó yí i, kó sì fi nọ́ńbà sátífíkéètì ẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní lọ́la ni. Tó bá ti dé, mo máa jù ú síbí kí ẹ bá mi wo dúdú àárín yẹn, ojú tèmi nìkan ò tó o.