Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní kí áàpù wa máa kó nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà

Ọmọ Nairobi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi, àmọ́ Nairobi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kàwé kọ̀ǹpútà. Ó di dandan kí n ṣe attachment kí n tó jáde, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní IT ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yá èèyàn lówó lórí fóònù ló gbà mí. Wọn kì í san kọ́bọ̀, bàbá mi ló ń fún mi lówó mátátù, ìyẹn ọkọ̀ èrò. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ọ̀gá mi ní kí n kọ kóòdù tí áàpù á fi máa kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà, kí wọ́n lè máa pe àwọn ẹbí rẹ̀ tí kò bá tètè san gbèsè. Tí mo bá kọ̀, ta ló máa fọwọ́ sí logbook mi, ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ tí mo ṣe sí? Tí mo bá sì ṣe é, ṣé ọlọ́pàá ò ní gbé mi? Ẹ rántí ohun tí ojú Rose Njeri, ọmọ Kenya tó ń kọ kóòdù, rí lọ́dún 2025.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, má dán an wò! Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi n'Íbàdàn níbí. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé pé olè ni, ó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa.

Lọ́yà Àdúgbò: Àbúrò, ọ̀rọ̀ Rose Njeri yàtọ̀ sí tìẹ. Òun ṣe ojú òpó tí aráàlú fi lè kọ̀wé tako àbádòfin ìnáwó ọdún 2025. Wọ́n mú un ní ìparí oṣù karùn-ún, wọ́n fi òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2018 kàn án, àmọ́ ní 20 oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀sùn náà. Tìẹ wà lábẹ́ òfin ọdún 2019 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú. Yàtọ̀ síyẹn, ìlànà tí báńkì àpapọ̀ Kenya gbé jáde lọ́dún 2022 fún àwọn ayánilówó orí fóònù dá ohun tí ọ̀gá rẹ ń sọ yìí gan-an lẹ́kun. Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òfin ọdún 2019 yẹn bu owó ìtanràn lé àwọn kan nínú àwọn ayánilówó náà. Ó lè tó mílíọ̀nù márùn-ún ṣílè.

Bàbá Kóòdù: Gbogbo òfin yẹn dáa, àmọ́ mo ti rí ọ̀gá tí òfin ò bà lẹ́rù, tí lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ Google sì mú kó sáré. Láti 31 oṣù karùn-ún 2023 ni Play Store ò ti gbà kí áàpù ayánilówó máa ka nọ́ńbà inú fóònù. Sọ fún un pé wọ́n á yọ áàpù yín. Kí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ẹni méjì tó máa dúró fún un, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn yẹn bóyá wọ́n gbà. Ìmeèlì ni kó o fi sọ ọ́ o, má sọ ọ́ lẹ́nu.

Jẹ́jẹ́layé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí jẹ lẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Kó ṣe é, kó gba ìwé rẹ̀, kó máa lọ jàre.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ìyá tìẹ ni wọ́n máa pè ni?

Ọmọ Nairobi: Mo dúpẹ́ o. Mo ti fi ìmeèlì ránṣẹ́. Ó ní a máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá Kóòdù: Kó tó di ọjọ́ Ajé, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí àwọn ọ̀sẹ̀ tó o ti ṣe nínú logbook. Kó o sì lọ rí olùkọ́ tó ń mójú tó attachment ní yunifásítì yín, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá rẹ ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.